Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń yí ara rẹ̀ padà, àti iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí kò tàn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, akọ̀wé àti oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Ọ̀mù-Àrán àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ni a kọ èyí fún. Ohun méjì ló dá lé lórí: ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà tó ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, àti iná kékeré abẹ́ bọ́tìnnì tí kì í tàn nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ báyìí, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà. Ètò kan ló wà ní títàn tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ sí. Ó ń dùn wá pé àwọn èèyàn ń fi owó tí wọ́n fara ṣiṣẹ́ fún pààrọ̀ síkírínì tí kò ní àrùn kankan, ìdí sì nìyí tí a fi ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín kí ẹnikẹ́ni tó fi súkúrúdíráfà kàn án.

Kí ló ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà mi kù nígbà tí n kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan?

Nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ló lè fà á, ẹni tí kò bá sì dá wọn mọ̀ yóò kàn máa pa ètò tí kò jẹ̀bi. Èkíní ni sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀, tó ń wo bí ibi tí ẹ jókòó sí ṣe mọ́lẹ̀ tó, tó sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó gbé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èkejì ni ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò, èyí tó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù nígbà tí a bá yọ ṣájà tàbí nígbà tí bátìrì bá ń tán lọ. Ẹ̀kẹta ló fara sin jù, nítorí pé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà gan-an ni ó ń wò: bí ẹ bá ṣí àwòrán tó dúdú, yóò dín iná ẹ̀yìn síkírínì kù, bí ẹ bá sì padà sí ojú ìwé funfun, yóò dá a padà.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ kò le, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé e ní ìtòtẹ̀léra. Ẹ ki ṣájà bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ má ṣe jókòó sí ẹnu fèrèsé tí kùrukùru ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo àyíká kámẹ́rà tó wà lókè síkírínì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá rọra ṣú, tó sì tún mọ́lẹ̀ padà nígbà tí ẹ mú ọwọ́ kúrò, sẹ́ńsọ̀ ni. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ yọ ṣájà. Bó bá ṣú lójú ẹsẹ̀, ètò bátìrì ni. Bí ìyẹn náà kò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ má tíì dá ṣájà padà, nítorí pé ìgbà tí bátìrì nìkan bá ń gbé kọ̀ǹpútà ni ẹ̀kẹta sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí ojú ìwé funfun tí a fi ń tẹ lẹ́tà, lẹ́yìn náà ẹ ṣí àwòrán kan tó dúdú, kí ẹ sì tẹjú mọ́ aago tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Aago náà kò yí àwọ̀ padà, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ó ń ṣú, tó sì ń mọ́ bí ẹ ti ń lọ láti funfun sí dúdú, ẹ̀kẹta ni ẹ ń bá wí.

Níbo gan-an ni sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ wà, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ bóyá ti èmi ní i?

Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ní i, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ló wà, lẹ́yìn gíláàsì tàbí ike dúdú tó yí síkírínì ká, ó sì kéré débi pé ojú lásán lè má rí i. Bó ti rí nìyẹn lára MacBook, lára Surface, àti lára ọ̀pọ̀ Dell XPS. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni kò ní sẹ́ńsọ̀ yìí rárá. Ní orí Windows, bí ẹ kò bá rí “Change brightness automatically when lighting changes” nínú ètò ìmọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kò sí, ó sì lè jẹ́ pé ó wà ṣùgbọ́n driver rẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, kò sí.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lẹ téèpù tàbí ìwé àlẹ̀mọ́ mọ́ kámẹ́rà wọn kí ẹnikẹ́ni má baà máa wò wọ́n, ọgbọ́n tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n bí téèpù náà bá fẹ̀ ju kámẹ́rà lọ, ó ti bo sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà yóò gbà pé inú òkùnkùn ni ẹ wà, yóò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣú láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ ṣí téèpù náà kúrò, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó lómi díẹ̀ nu lẹ́ẹ̀ tó kù síbẹ̀, kí ẹ sì gé téèpù tuntun tí kò ju kámẹ́rà nìkan lọ.

Báwo ni mo ṣe lè pa ètò náà lórí Windows?

Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ Display, kí ẹ sì tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Brightness. Lórí Windows 11, ẹ ó rí ètò méjì níbẹ̀: èkíní ni ti sẹ́ńsọ̀ tí a mẹ́nu bà lókè, èkejì ni “Change brightness based on content”, èyí tí ẹ lè pa pátápátá, tàbí kí ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá wà lórí bátìrì nìkan. Èyí tí ìdánwò yín bá tọ́ka sí ni kí ẹ pa.

Èrò tiwa ni pé kí ẹ má ṣe yára pa ti sẹ́ńsọ̀ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Nígbà tí ètò náà bá wà ní títàn, bí ẹ bá fa ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ fúnra yín, Windows kò kọ̀ ọ́. Ó ń gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ fẹ́ ní irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì máa fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹni tó ń kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti inú yàrá lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, tó tún ń gbé e padà sínú ilé ní ìrọ̀lẹ́, yóò jàǹfààní rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àwòrán, tí wọ́n ń to ìwé ìpè ìgbéyàwó tàbí tí wọ́n ń tún àwọ̀ fọ́tò ṣe ní tiwọn gbọ́dọ̀ pa á, nítorí pé wọn kò lè gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ tí wọ́n ń rí bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yí padà níwájú wọn.

Mo ti pa méjèèjì, síbẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà mi ń ṣú nígbà tí mo bá ṣí ohun tó dúdú. Kí ló kù?

Ẹ̀ka àwòrán inú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ti Intel tàbí AMD, ní irú ètò yìí tirẹ̀, kì í sì í bèèrè lọ́wọ́ Windows kó tó ṣe é. Bí ó bá jẹ́ Intel, ẹ wá Intel Graphics Command Center, ẹ wọ System, ẹ wọ Power, kí ẹ sì pa Display Power Savings lábẹ́ apá tó jẹ́ ti bátìrì. Bí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Microsoft Store. Bí ó bá jẹ́ AMD, inú AMD Software ni ẹ ó lọ, ní apá Display, orúkọ tí wọ́n sì ń pe ètò náà níbẹ̀ ni Vari-Bright.

Ìwọ̀nba bátìrì ni àwọn ètò wọ̀nyí ń gbà sílẹ̀. Fún ẹni tó ń ka ìwé tàbí tó ń tẹ iṣẹ́, ìyípadà rẹ̀ kì í hàn púpọ̀. Fún ẹni tó ń wo fídíò, tí àwòrán alẹ́ àti ti ọ̀sán ń tẹ̀ léra wọn, ó máa ń da ojú láàmú gan-an, a kò sì rí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ fara dà á.

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá mú iná ni ojú kọ̀ǹpútà mi ń ṣú. Ṣé iná ló ti bà á jẹ́ ni?

Rárá. Bí iná bá ti lọ, bátìrì ló ń gbé kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ti tò láti máa ṣọ́ owó ná nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Lórí Windows, Battery saver ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Nínú Windows 11 ti ọdún 2024 síwájú, orúkọ rẹ̀ ti di Energy saver. Lórí Windows 10, bí bátìrì bá ti já sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò tan ara rẹ̀, yóò sì dín ìmọ́lẹ̀ kù. Nínú Settings, lábẹ́ System, ní apá bátìrì, ẹ ó rí “Lower screen brightness when using battery saver”; ẹ yọ àmì tó wà níbẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó kí ẹ tó pa èyí. Ní àdúgbò tí iná lè lọ ní ìrọ̀lẹ́ kó má dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, iná ẹ̀yìn síkírínì wà lára ohun tó ń jẹ bátìrì jù lọ, dídín in kù sì lè fún yín ní àyè láti parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Ohun tó sàn jù lójú tiwa ni kí ẹ fi ètò náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ Dell Latitude, tí gbogbo èyí kò sì yanjú ìṣòro náà, ẹ pa á, ẹ tàn án padà, kí ẹ sì máa tẹ F2 léraléra títí BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, yóò fi ṣí. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ètò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ LCD Brightness, tó ní ìwọ̀n kan fún bátìrì àti òmíràn fún ṣájà. Ẹni tó kọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà náà ní òkè òkun lè ti fi ti bátìrì sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Wọ́n fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà mi, láti ìgbà náà ni n kò ti lè yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Driver àwòrán ni kò sí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ X, ẹ yan Device Manager, kí ẹ sì ṣí Display adapters. Bí ohun tí ẹ bá níbẹ̀ bá jẹ́ Microsoft Basic Display Adapter, ibẹ̀ ni ìṣòro wà: driver tí Windows kàn fi dí àyè ni, kò sì ní agbára lórí iná ẹ̀yìn síkírínì, ìdí nìyí tí ọ̀pá tí a fi ń fa ìmọ́lẹ̀ fi pòórá. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Windows Update, ẹ wọ Advanced options, kí ẹ sì wo Optional updates bóyá driver náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lọ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Dell yóò bèèrè Service Tag, HP àti Lenovo yóò bèèrè nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ náà. Abẹ́ kọ̀ǹpútà ni ẹ ó ti rí wọn. Driver àwòrán máa ń wúwo, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú dátà tó kù díẹ̀.

Nínú Device Manager yìí kan náà, ẹ ṣí Monitors. Bí ọfà kékeré tó kọjú sísàlẹ̀ bá wà lára Generic PnP Monitor, ẹnìkan ti pa á. Ẹ fi ìka ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Enable device.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ́ọ̀mátì ni kì í dá driver bọ́tìnnì àti ti sẹ́ńsọ̀ padà, nítorí pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Lórí HP, HP Hotkey Support ni ẹ ó wá; lórí ThinkPad, Hotkey Features Integration; fún sẹ́ńsọ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Intel, Intel Integrated Sensor Solution. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi wọ́n sí i tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ services.msc, kí ẹ sì rí i dájú pé Sensor Monitoring Service kò sí ní ipò Disabled.

Lórí MacBook ńkọ́?

Láti macOS ti ọdún 2022 síwájú, ẹ ṣí System Settings, ẹ wọ Displays, ẹ ó sì rí “Automatically adjust brightness”. Ti bátìrì wà lọ́tọ̀: ẹ wọ Battery, ẹ tẹ Options, ẹ ó rí ètò tó ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà ṣú díẹ̀ nígbà tí ṣájà kò bá sí. Ẹ má ṣe ka True Tone mọ́ ọn. Àwọ̀ ni True Tone ń yí padà, tí funfun fi ń dà bí èyí tó pọ́n díẹ̀ lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ iyeyè. Kì í ṣe òun ló ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ síkírínì MacBook, tí True Tone sì pòórá kúrò nínú ètò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé síkírínì tuntun náà kì í ṣe ojúlówó, tàbí pé wọn kò fi sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bọ àyè dáadáa.

Bí ètò bá pé tí sẹ́ńsọ̀ kò sì dáhùn, ohun tí ẹ ó ṣe sinmi lórí irú Mac tí ẹ ní. Èyí tó ń lo ẹ̀rọ Apple fúnra rẹ̀, láti M1 ti ọdún 2020, kò nílò ju kí ẹ pa á, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì tàn án. Ti Intel tó ní T2, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré Apple tó wà nínú rẹ̀, ẹ pa á, ẹ di Control apá òsì, Option apá òsì àti Shift apá ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá méje, ẹ má ṣe tú wọn sílẹ̀, kí ẹ fi bọ́tìnnì ìtànná kún un, kí ẹ sì di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú fún méje mìíràn.

Linux ni mo ń lò.

Lórí GNOME, ìyẹn ojú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, inú Settings, lábẹ́ Power, ni Automatic Screen Brightness wà. Kì í hàn bí ètò tó ń jẹ́ iio-sensor-proxy kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi sí i, ẹ kọ monitor-sensor sínú terminal, kí ẹ sì fi ọwọ́ bo sẹ́ńsọ̀. Bí nọ́ńbà bá ń yí padà, sẹ́ńsọ̀ yè. Fún iná kíbọ́ọ̀dù, ẹ wo inú /sys/class/leds bóyá orúkọ kan wà tó parí sí kbd_backlight. Bó bá wà, ètò tó ń jẹ́ brightnessctl yóò lè tàn án.

Mo gbé ìmọ́lẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ n kò rí nǹkan kan nígbà tí mo jókòó sí ìta.

Kọ̀ǹpútà yín kò ṣàìsàn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan tó nǹkan bí 100,000 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibì kan), nígbà tí ìmọ́lẹ̀ inú ọ́fíìsì kì í sábà ju 500 lọ. Ojú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ju 250 sí 300 nits (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí síkírínì ń tàn jáde) lọ, kò sì sí bí yóò ṣe bá oòrùn Ìlọrin ní oṣù kẹta dù ú. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ògiri kí ohun tó mọ́lẹ̀ má baà máa hàn lójú síkírínì, kí ẹ sì yan ìkọ̀wé dúdú lórí funfun dípò funfun lórí dúdú.

HP EliteBook mi ń ṣú bí mo bá ti wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó ní Sure View, tí HP gbé jáde ní ọdún 2016 kí ẹni tó jókòó tì yín má baà lè ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, F2 ni a fi ń tàn án tí a sì fi ń pa á. Ẹ wo àmì tó wà lórí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá kíbọ́ọ̀dù mi ní iná rárá?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀ nípa iná kíbọ́ọ̀dù, nítorí pé irú kọ̀ǹpútà kan náà, tí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba, lè wá pẹ̀lú iná tàbí láìsí i; ẹni tó kọ́kọ́ rà á ní òkè òkun ló yan èyí tó fẹ́ san owó rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ẹ̀rí ọ̀rẹ́ yín pé tòun ní i. Ẹ wo ìlà bọ́tìnnì tó wà lókè pátápátá àti ọ̀pá ààyè, ìyẹn Space: bí iná bá wà, ẹ sábà máa rí àwòrán kíbọ́ọ̀dù kékeré tó ń tan ìtànṣán, tàbí àwòrán gílóòbù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn lẹ́tà gan-an ní àárín òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Lára kíbọ́ọ̀dù oníná, lẹ́tà náà jẹ́ ibi tí ike dúdú ti ṣí sílẹ̀ kí iná lè gba ibẹ̀ jáde; lára èyí tí kò ní, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kọ ọ́ lásán ni.

Bọ́tìnnì wo ni mo máa tẹ̀?

Lórí ThinkPad, ẹ di Fn mú kí ẹ sì tẹ Space: ìtẹ̀ àkọ́kọ́ yóò tan iná díẹ̀, èkejì yóò fi kún un, ẹ̀kẹta yóò pa á. Lórí T430 àti X230 ti ọdún 2012, tó ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, àwọn kan wà tí kíbọ́ọ̀dù wọn kò ní iná ṣùgbọ́n tí wọ́n ní fìtílà kékeré lókè síkírínì, Fn àti Space yìí kan náà ló sì ń tàn án. Ọ̀pọ̀ Dell ń lo F5 tàbí F10, ọ̀pọ̀ HP ń lo F4, F5 tàbí F9. Àwòrán tó wà lórí bọ́tìnnì ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tàbí ohùn ló ń yí padà nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi Fn kún un. Bí kò bá sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ Fn pọ̀ mọ́ Esc lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún un gbìyànjú.

Lórí MacBook Air M1 ti ọdún 2020, wọ́n mú bọ́tìnnì iná kíbọ́ọ̀dù kúrò lórí F5 àti F6. Inú Control Center ni ẹ ó ti rí Keyboard Brightness.

Ó ń tàn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń kú.

Bí ẹ kò bá tẹ bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kọ̀ǹpútà gbà pé ẹ ti dìde, yóò sì pa iná náà. Bí iná bá tún tàn nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, kò sí ohun tó ṣe é. Lórí ọ̀pọ̀ Dell, inú BIOS ni a ti ń yí i padà, ní Keyboard Backlight Timeout, tó ní ti ṣájà lọ́tọ̀ àti ti bátìrì lọ́tọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ HP EliteBook àti ProBook, F10 ló ń ṣí BIOS, ẹ sì lè fi Backlit Keyboard Timeout sí Never. Lórí Mac, ètò náà wà nínú System Settings, lábẹ́ Keyboard.

Lálẹ́ ó ń tàn, lọ́sàn-án ó kọ̀ jálẹ̀.

Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ojú síkírínì ló ń ṣọ́ iná kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Bí Apple ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn lórí PowerBook G4 oní-ínǹṣì 17 ti ọdún 2003, ó sì ń bẹ lórí MacBook dòní: bí ibi tí ẹ wà bá mọ́lẹ̀ gan-an, iná yóò kú. Ẹ wọ Keyboard nínú ètò, kí ẹ pa “Adjust keyboard brightness in low light”, ẹ ó sì lè máa yí i fúnra yín. Bí ó bá wá jẹ́ pé inú òkùnkùn gan-an ló ti kọ̀ tí kò tàn, ẹ padà sí ìdánwò àtẹ́lẹwọ́ tó wà lókè, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ kan tó ń ṣìnà lè mú ojú síkírínì àti iná kíbọ́ọ̀dù ṣe ségesège pọ̀.

Wọ́n pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù mi, lẹ́yìn náà iná kò tàn mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, a ó sì ṣàlàyé rẹ̀ kúnná kí ẹ lè bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Kíbọ́ọ̀dù oníná máa ń ní wáyà pẹlẹbẹ méjì lábẹ́. Èyí tó fẹ̀ ni ó ń gbé lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ lọ sí inú ẹ̀rọ. Èkejì kéré, kò fẹ̀ ju èékánná ìka kékeré lọ, òun nìkan ló sì ń gbé iná lọ sí abẹ́ bọ́tìnnì. Ẹni tó ń kánjú lè ki èyí tó fẹ̀ bọ àyè, kó dán lẹ́tà wò, kó rí i pé gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kó sì dé e pa láìfi ọwọ́ kan èyí tó kéré. Nígbà mìíràn ó ki í, ṣùgbọ́n kò tẹ ọmọ ìdè kékeré tó wà lẹ́nu ihò náà sílẹ̀, wáyà náà yóò sì rọra yọ nígbà tí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà sínú báàgì. Ìdí kẹta ni pé kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n rà kò ní iná, nítorí pé ó dín owó. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo lẹ́tà rẹ̀ bí a ti sọ, ẹ ó sì mọ èyí tó jẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá ní iná kíbọ́ọ̀dù láti ilẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ fi oníná sí i, ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò fún wáyà kékeré yẹn wà lórí bọ́ọ̀dù. Bí kò bá sí, ẹ má ṣe san owó kíbọ́ọ̀dù náà.

Apá kan nìkan ló ń tàn, apá kejì ṣókùnkùn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ètò mọ́. Ewé ike tín-ín-rín kan ló ń pín iná ká abẹ́ bọ́tìnnì. Bí omi, mínírà tàbí kunu bá ti dà sí i, tàbí bí ewé náà bá ti tẹ̀, iná kò ní dé ibì kan mọ́. Bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí i, ẹ pa kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ má sì tàn án láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Pípààrọ̀ gbogbo kíbọ́ọ̀dù ni àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Ṣé eruku ọyẹ́ lè fa èyíkéyìí nínú gbogbo èyí?

Ó lè bo ojú sẹ́ńsọ̀ díẹ̀, pàápàá bí ẹ kì í bá dé kọ̀ǹpútà pa lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ rírọ̀ nu òkè síkírínì. Kì í sábà jẹ́ òun ló fà á tí iná kíbọ́ọ̀dù fi kú.

Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀. Báwo ni mo ṣe lè dán an wò kí n tó sanwó?

Ẹ má ṣe dán an wò níta ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn ti ń pa sí i. Ẹ wọlé, ẹ ní kí wọ́n yọ ṣájà, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè. Bí ó bá ń ta pàrà, tàbí tó ń kú nígbà tí ẹ bá ń rọra ṣí ìdérí rẹ̀ síwájú sẹ́yìn, wáyà tó gba inú ìsopọ̀ ìdérí kọjá ti ń ṣẹ́, ìyẹn sì jẹ́ àrùn gidi. Ẹ ṣe ìdánwò àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ sì wò ó pé kì í ṣe Microsoft Basic Display Adapter ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan iná kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ bo orí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tàbí báàgì yín, kí ẹ sì wo bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti Esc títí dé ọfà tó wà ní igun ọ̀tún. Ẹni tó ń tajà tí inú rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí èyí.

Ìgbà wo ló yẹ kí n gbé e lọ fún oníṣẹ́, kí ni kí n sì sọ fún un?

Ẹ gbé e lọ bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yí padà nígbà tí ẹ bá ń mi ìdérí, bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn débi pé ẹ gbọ́dọ̀ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án kí ẹ tó rí ìkọ̀wé, tàbí bí ó bá ń ṣú kódà nínú BIOS, níbi tí Windows kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ sì di bọ́tìnnì ìtànná mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, nítorí pé èyí nìkan máa ń tó nígbà mìíràn láti jí iná kíbọ́ọ̀dù padà. Bí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé “síkírínì mi ti bàjẹ́”. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: bóyá ṣájà wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bo sẹ́ńsọ̀, bí aago inú igun ṣe rí nígbà tí ẹ ṣí àwòrán dúdú, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti tú kọ̀ǹpútà náà rí. Ẹ kọ nọ́ńbà kíbọ́ọ̀dù tàbí síkírínì tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í nígbà tó bá ń ki wáyà kékeré yẹn padà.